Ìlẹ̀kẹ̀ Inú Àńkẹ́

"Ya ẹnu dáadáa. Má bẹ̀rù, kò ní dùn ọ́."

Irọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Okùn ìdánwò máa ń ha ọmọdé lọ́fun nígbà tó bá ń bọ̀ wá sókè, Ìbídùn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti mọ̀ ṣáájú á pa ẹnu dé mọ́ okùn, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Ó ń wé okùn náà mọ́ ìka díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga jíjìn. Àńkẹ́, ọmọ ọdún méje, jókòó lórí àga gíga, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó di etí ìró ìyá baba rẹ̀ mú. Màmá Jọláadé, ìyá baba náà, kò mí rárá. Àfi bí ẹni pé inú tirẹ̀ ni wọ́n ti ń fa okùn.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọ náà ti gbé mì jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun kékeré ni, eyín wínníwínní yí i ká, ó sì ti bu díẹ̀ jẹ lára ìfun ọmọ náà, ìwọ̀nba tí ojú lásán kò lè rí. Ìbídùn sọ ọ́ sínú ago yìnyín.

"Ó tán."

"Ṣé mo ṣe é dáadáa?" Àńkẹ́ béèrè, ohùn rẹ̀ ti há.

"O ṣe é ju àgbà lọ. Bàbá kan jókòó síbẹ̀ lánàá, olórí ẹbí, ó bu okùn jẹ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Màmá Jọláadé kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri níbi tí wọ́n fi ẹ̀gbà ọwọ́ kọ́ sí, pupa lápá kan, funfun lápá kejì. Lẹ́yìn fèrèsé, ọkọ̀ òkè rọ̀ sórí wáyà rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wáyà náà gba orí abàtà ọ̀dà kọjá, ó gun òkè lọ títí ó fi wọnú kùrukùru. Ẹni tó bá fi ẹ̀gbà funfun wọ ọkọ̀ yẹn, a kì í rí i mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń pa wọ́n lọ́hùn-ún o. Iṣu ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ní iṣu náà dùn. Ṣùgbọ́n Òkè kì í dá ènìyàn padà, kì í sì í gba ẹni tí inú rẹ̀ bá lè gba oúnjẹ Ìlú-Ọ̀dà.

Oúnjẹ Ìlú-Ọ̀dà ni ògì táńkì. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti ya tí afẹ́fẹ́ imí-ọjọ́ ti ń jáde lábẹ́ ọ̀dà, kò sí ohun tó ń hù nílùú náà mọ́ àfi ohun tí wọ́n ń sìn nínú táńkì, imí-ọjọ́ kan náà sì ni ohun ọ̀sìn ọ̀hún ń jẹ. Ti àwọn ọmọdé, wọ́n ń fọ̀ ọ́ kó tó dé ẹnu wọn. Bí ọmọ bá ti pé ọdún méje, fífọ̀ tán, nítorí omi mímọ́ kò tó. Àfi kí inú ọmọ náà lè fọ oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe fífọ̀ yẹn nínú ìfun ni Ìbídùn ń wọ̀n. Orúkọ tí ìjọba fún un gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀: ẹ́ńsáìmù afọ́-imí-ọjọ́-inú-ìfun. Ará Ìlú-Ọ̀dà kò ráyè ìyẹn. "Ajẹmí" ni wọ́n ń pè é. Ìjọba ti kọ̀wé títí pé kí wọ́n yé pè é bẹ́ẹ̀, pé èébú ni. Èébú náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìyá tí ajẹmí ọmọ rẹ̀ bá lágbára, bó ṣe máa ń fi èébú náà yangàn kiri àdúgbò.

"Ẹ kú iṣẹ́, Arábìnrin Ìbídùn," ni Òdiwọ̀n wí. Òdiwọ̀n ni ẹ̀rọ tó dúró láàárín yàrá, ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn ẹni tí kò fi ẹnu kan oúnjẹ gbígbóná rí. "Yìnyín ti ń yọ́."

Ìbídùn gbọn àwọn sẹ́ẹ̀lì kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀ sínú omi tútù. Ó pín wọn sí méjì. Ìdajì wà lórí yìnyín láàyè, bí òfin ṣe wí, títí ìdájọ́ á fi wọlé. Ó fọ́ ìdajì kejì, ó kán imí-ọjọ́ olómi sí i, òórùn ẹyin jíjẹrà sì gba gbogbo yàrá. Iṣẹ́ kù sọ́wọ́ ajẹmí. Bí ó bá jẹun, òórùn náà á lọ, bí wọ́n bá sì wá kán omi irin sí i, omi inú ìgò á pọ́n bí osùn. Imú ni wọ́n mọ Ìbídùn mọ́ nílé ìwọ̀n. Kó tó di pé omi irin kàn án, ó ti máa ń mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Ó gbé ìgò sẹ́bàá imú. Ó dúró. Ó tún gbé e sẹ́bàá imú. Ẹyin jíjẹrà ṣì wà níbẹ̀ gbági.

Inú rẹ̀ bàjẹ́ kí ó tó kán omi irin náà. Omi kò pọ́n. Ó kàn pàwọ̀ dà ráńpẹ́, bíi tíì tí wọ́n fi ewé kan ṣoṣo pò fún odidi ilé.

"Kò dé ìlà," ni Òdiwọ̀n wí. Ẹ̀gbà funfun kan já bọ́ sínú àwo lábẹ́ ògiri. "Ẹ tẹ ìka yín kí yìnyín tó yọ́ tán. Bí yìnyín bá yọ́, ìdájọ́ á wọlé fúnra rẹ̀."

Màmá Jọláadé wo ẹ̀gbà náà. "Kí ló dé tó jẹ́ funfun?"

"Màmá, ajẹmí rẹ̀ kò lágbára tó."

"Ṣé èmi náà á bá a lọ?"

"Rárá, Màmá. Tiyín lágbára. Òkè kò ní gbà yín."

"Èmi nìkan ló kù fún un. Iyàrá kan náà ni gáàsì ti pa bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ta ló máa di irun rẹ̀ lókè?"

 Ìbídùn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ níbi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùdíwọ̀n tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n dákẹ́. Ó ṣàánú ọmọkùnrin kan tí kò dé ìlà, ó fún un ní ẹ̀gbà pupa, ọmọ náà jẹ ògì táńkì, inú rẹ̀ wú. Sàárè rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìwọ̀n, ojoojúmọ́ ni Ìbídùn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Bí ó ti ń ro ìyẹn lọ́wọ́, màmá àgbà náà ká ìró sókè, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ìbídùn sáré gbá a mú ní apá méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má ṣe é. Ẹ má kó mi sí wàhálà. Ọmọ yín ni mo jẹ́."

"Ṣàánú mi," ni màmá wí sí i lójú.

Òórùn kan sì bá ọ̀rọ̀ náà jáde. Òórùn irú ni.

Ìbídùn kò tíì fi apá màmá sílẹ̀. Òórùn irú kì í ṣe tuntun nínú yàrá yẹn. Gbogbo ọmọ tó bá wá fún ìdánwò ló ń gbé e wọlé, nítorí ìjọba máa ń fi irú ránṣẹ́ kí wọ́n fi bọ́ ọmọ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Láti àárọ̀ ló ti ń gbóòórùn irú nínú yàrá, ó sì rò pé lára ọmọ ló ti ń wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Àńkẹ́.

"Mí sí mi nímú."

Àńkẹ́ mí sí i. Ògì fífọ̀ ni, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ìbídùn bojú wo ẹnu ọ̀nà. Tìámíyù, ọ̀dọ́kùnrin tó ń mú àwọn ẹlẹ́gbà funfun wọ ọkọ̀, wà níta, ó ń nu gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀. Òdiwọ̀n kì í fetí sí ọ̀rọ̀ àyàfi bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, irú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ta ló jẹ ẹ́?"

"Ọmọ ni."

"Màmá."

Màmá Jọláadé wolẹ̀. "Mo jẹ ẹ́ dípò rẹ̀," ni ó wí. "Ẹ má fi mí sun ìjọba. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Èèwọ̀ ilé wọn ni. Nígbà ogun, baba ńlá ọkọ mi sá gun igi irú, àwọn ológun kọjá lábẹ́ rẹ̀, wọn ò gbójú sókè. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti ara òun jáde kò gbọdọ̀ fi eyín kan èso igi náà láé. Àńkẹ́ nìkan ló kù nínú wọn. Ṣé èmi ni kí n wá gbé e lé e lẹ́nu?"

"Ẹ̀yin wá jẹ ẹ́."

"Wọ́n ń gbé ẹni tó bá da oúnjẹ nù nílùú yìí. Ìyàwó ilé ni mí, ẹ̀jẹ̀ wọn kọ́ ló wà lára mi. Mo rò pé ìyà tèmi á kéré." Ó nu ojú. "Wọn ò sọ fún mi pé oògùn ni. Mo rò pé sàráà ìjọba ni."

Wọn kò sọ fún un lóòótọ́. Ajẹmí ọmọdé máa ń sùn, nítorí oúnjẹ fífọ̀ kì í fún un níṣẹ́ ṣe. Irú, pẹ̀lú imí-ọjọ́ díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, ló ń jí i. Nígbà tí ìyá Ìbídùn ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí okùn tó wọ ọ̀fun ẹnikẹ́ni, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "Kí lèèwọ̀ ilé yín?" Ẹni tí kò bá lè jẹ irú, wọ́n á wá alùbọ́sà fún un. Ìjọba yọ ìbéèrè náà kúrò, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni, ó ń fi àkókò ṣòfò. Ìbídùn náà kò bi màmá. Ó bínú sí ara rẹ̀.

Bí ó bá ṣàlàyé fún Òdiwọ̀n ńkọ́? Àgbà tó bá jẹ oúnjẹ ìdánwò ọmọ, olè ni lójú òfin, ìdí táńkì ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọmọ á gòkè, ìyá àgbà á sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè mú kí wọ́n tún ìdánwò ṣe: kí olùdíwọ̀n sọ pé ọwọ́ òun ló ṣàṣìṣe. Olùdíwọ̀n tó bá sì jẹ́wọ́ àṣìṣe ọwọ́ kì í fọwọ́ kan okùn mọ́. Ìdí táńkì náà ni tirẹ̀, níbi tí gáàsì ti pọ̀ jù, níbi tó jẹ́ pé imú ènìyàn ló ń kọ́kọ́ kú.

Bí ajẹmí Àńkẹ́ bá wá kú ní tòótọ́, tí kì í ṣe pé ó sùn? Òun á ti so ara rẹ̀ mọ́ táńkì lásán.

"Màmá, ọ̀rá tí irú náà wà nínú rẹ̀ dà?"

Màmá tú etí ìró rẹ̀. Ọ̀rá náà wà níbẹ̀, ó ti ká a wínníwínní, nítorí ẹnikẹ́ni kì í ju ọ̀rá nù ní Ìlú-Ọ̀dà. Ìbídùn ṣan án pẹ̀lú omi díẹ̀, ó kán omi rẹ̀ sórí ìdajì sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà láàyè lórí yìnyín, ó dé ìgò náà, ó sì tì í bọ abíyá ọ̀tún lábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Àwọn oníjìbìtì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi tan ẹ̀rọ jẹ. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti mú mẹ́ta nínú wọn rí. Ṣùgbọ́n ooru ara ni ìfun mọ̀, kò sì sí ibòmíràn tí yóò ti rí ooru tí Òdiwọ̀n kò ní mọ̀ sí.

Ó dúró. Ìgò náà tutù bí omi òjò, ó wá ń lọ́wọ́ọ́rọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Yìnyín inú ago ti di ègé mélòó kan.

Ilẹ̀kùn ṣí, Tìámíyù wọlé. "Àǹtí, ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Ṣé ẹ ti tẹ ìka?"

"Jẹ́ kí ọmọ mu omi ná."

Ó mu omi. Ó mu ún tán. Tìámíyù nawọ́ sí àwo ìtẹ̀ka tó wà lókè lára ògiri. Ìbídùn mọ̀ pé bí òun bá gbé apá ọ̀tún sókè, ìgò á já. Ó na ọwọ́ òsì.

Tìámíyù rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ̀rọ yìí gan-an kì í gba òsì."

"Apá ọ̀tún ló ń dùn mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Tìámíyù, ṣé ìwọ ni dókítà ni?"

Ọmọkùnrin náà kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn Ìbídùn. Ó ń ronú pé ìgò náà kò tíì pẹ́ tó lábẹ́ abíyá, pé bí òun bá yọ ìgò báyìí, irọ́ ni yóò pa fún òun. Nínú ago, ègé yìnyín kan yọ́ tán.

"Ẹ tẹ ìka yín," ni Òdiwọ̀n wí.

Kò lè dúró mọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí Tìámíyù, ó yọ ìgò náà, ó fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ó kán imí-ọjọ́ sí i. Ẹyin jíjẹrà tún gba yàrá. Ó gbé e sẹ́bàá imú, ó dijú. Ẹyin jíjẹrà. Ẹyin jíjẹrà. Lẹ́yìn náà ó dà bíi pé ẹni tó ni ẹyin ń gbé e lọ sí yàrá kejì. Ó tún gbóòórùn rẹ̀, kò rí nǹkan kan mọ́, àfi irú.

Ó kán omi irin. Omi náà ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Ó yí àwọ̀ padà díẹ̀ nísàlẹ̀, ó gun òkè, ó pọ́n. Osùn gidi ni.

"Àǹtí," Tìámíyù wí lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kí nìyẹn?"

"Kò kú. Ó sùn ni. Ọmọ náà kò jẹ irú."

Tìámíyù wo ìgò, ó wo ọ̀rá tó wà lórí tábìlì, ó wo màmá àgbà tó fi ìró bo ẹnu. Bí ó bá pe Òdiwọ̀n lórúkọ nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tán. Ó rìn lọ sẹ́nu fèrèsé, ó kọjú sí ọkọ̀ rẹ̀.

"Mi ò rí nǹkan kan," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò ní gba ìgò yẹn, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìbídùn mọ̀. Ó da omi pupa náà sí kòtò ìdọ̀tí, ó sì dùn ún bí ìgbà tí ènìyàn da ọbẹ̀ tó délẹ̀ nù. Ẹ̀rù bà á. Ó ronú nípa àwọn tó ń gòkè bọ̀ láti ìdí táńkì ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n máa ń bi ọmọ wọn léèrè bóyá ọbẹ̀ ti jóná.

"Òdiwọ̀n."

"Mo wà níbí."

"Ìdánwò yìí bàjẹ́. Àṣìṣe ọwọ́ ni."

"Ṣé ọwọ́ yín ni?"

Tìámíyù kò yíjú padà. "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, Àǹtí," ni ó wí sí gíláàsì. "Ìka yín ò ṣẹ̀."

"A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì," ni Ìbídùn dá a lóhùn. Ó gbé apá ọ̀tún sókè, ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ àwo ìtẹ̀ka. "Ọwọ́ mi ni."

Ẹ̀gbà funfun padà wọ inú ògiri. Níta, ilẹ̀kùn ọkọ̀ òkè pa dé, ọkọ̀ náà sì ń fò lọ lófìfo lórí abàtà.

"A gbọ́," ni Òdiwọ̀n wí. "Ẹlòmíràn ni yóò fa okùn ọmọ yìí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ náà ni Arábìnrin Ìbídùn yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí táńkì. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí jẹun nísinsìnyí, lójú ẹlẹ́rìí." Àpótí kan ṣí lábẹ́ rẹ̀. Irú wà nínú rẹ̀, nínú ọ̀rá tuntun.

Ojú Màmá Jọláadé dàrú. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe ni?"

"Mo jẹ ẹ́ dípò yín, Màmá."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Nígbà tó yé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìbídùn gbé ọ̀rá náà lé e lọ́wọ́. Ó tú u, ó mú irú díẹ̀ láàárín ìka, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sójú kan.

"Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan," ni ó wí, "kí ni n ó wí fún ọkọ mi?"

"Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí baba ńlá wọn fi gun igi náà. Ṣebí nítorí kó lè yè ni."

 Àńkẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, ó wá dúró níwájú Màmá, ó ń wo ohun dúdú tó wà láàárín ìka ìyá àgbà.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin ti jẹ ẹ́ rí?"

"Mo ti jẹ ẹ́."

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Màmá Jọláadé wo ògiri, ó wo Ìbídùn, ó wá wo ọmọ náà. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ni kò ti fi irú sẹ́nu, àfi ọjọ́ mẹ́ta yìí, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

"Ó dùn," ni ó wí, omijé sì bọ́. "Kí àwọn bàbá rẹ má bínú sí mi. Ó dùn."

Àńkẹ́ ya ẹnu dáadáa. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì wọ́n, ó súnmọ́ wọn gan-an, ó sì fa òórùn irú náà símú, ó tún fà á, títí àyà rẹ̀ kò fi gba mìíràn mọ́.